Kẹ̀kẹ́ Tí A Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọkọ àbúrò Farabalẹ̀ mẹkáníìkì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èébú ni ì bá tù ú lára jù.

Télọ̀ ni ọkọ náà, ẹni jẹ́jẹ́ tí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n wọ́ wá láti ojú títì. Àpótí búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà ti tẹ̀ wọnú lápá kan, hándù rẹ̀ sì kọjú síbi tí táyà kò kọjú sí.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n,” ni télọ̀ wí. “Bí kì í bá ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe sí kẹ̀kẹ́ yìí ni, ohun tí à bá máa sọ lónìí kọ́ nìyí. Eegun èjìká ìyàwó mi nìkan ló ṣẹ́. Dókítà ní yóò jinná.”

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi,” ni Farabalẹ̀ dáhùn.

Télọ̀ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe é. Ó tún dúpẹ́ sí i.

Farabalẹ̀ kọ́ ni orúkọ àbísọ mẹkáníìkì náà. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti kékeré, bó bá ti tú rédíò palẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lé e kúrò nídìí rẹ̀ títí yóò fi tò ó padà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó búrẹ́dì láti ilé búrẹ́dì lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù, Kíá ni wọ́n ń pe ìyẹn. Màámi a máa sọ pé ọmọ méjì péré lòun bí: ọ̀kan kò tíì dé, èkejì ti lọ.

Kíá ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ́nà. “Bọ̀dá mi, kẹ̀kẹ́ yìí ń dójú tì mí,” ló wí lọ́jọ́ kan. “Bí mo bá ti ń yà, á fì bí ọ̀mùtí tó ń wá ògiri. Àwọn olómi tó ń ti ọmọlanke gan-an ti ń yà mí sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ kọ́nà kò le. Bí kẹ̀kẹ́ bá yà sọ́tùn-ún, ìwúwo rẹ̀ á sáré lọ sápá òsì. Sípíríǹgì òsì á sún kì, tọ̀tún á nà, àpótí á sì fì. Farabalẹ̀ yí òrùka ìdí ṣọ́kì ẹ̀yìn méjèèjì, ó fún sípíríǹgì pọ̀ kí ó má tètè sún kì mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ọ̀pá irin kan nínú pàǹtí irin, ó fi iná tẹ̀ ẹ́, ó fi so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ lábẹ́, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá fẹ́ gòkè, á fa èkejì dání. Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀pá yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn wò ó títí ni, títí ó fi yé e.

Ó gbé e lọ dán wò ní kọ́nà ẹ̀bá táǹkì omi, àpótí òfìfo. Kẹ̀kẹ́ dúró digbí bíi tábìlì. Kíá náà gbà á, ó lọ, ó bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ ẹran inú ọbẹ̀ kí àlejò tó dé. “Bọ̀dá mi, ẹ ti sọ ọ́ di mọ́tò,” ló wí.

Ní kọ́nà yẹn náà ni kẹ̀kẹ́ ti dojú dé lẹ́yìn náà, tòun ti Kíá àti búrẹ́dì tí wọ́n tò kan òrùlé àpótí.

Nígbà tí télọ̀ lọ tán, Farabalẹ̀ tún hándù ṣe, ó na ibi tó tẹ̀. Ó yẹ ọ̀pá wò, ó yẹ sípíríǹgì wò. Kò sí èyí tó ṣẹ́, kò sí èyí tó wọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dà á láàmú. Ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò bàjẹ́ rárá.

Ó gbé pákó gíga sínú àpótí, ó to àpò iyanrìn lé e, kí ìwúwo lè wà lókè bíi ti búrẹ́dì. Ó so okùn mọ́ etí òkè àpótí, ó ki abala ìwé kan sábẹ́ táyà òdìkejì, ó sì ń fa okùn díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, bí kọ́nà ṣe ń fa kẹ̀kẹ́. Ó fà á, àpótí kò fì. Ó fà á sí i, kò fì. Ó tún fà á díẹ̀, táyà kúrò nílẹ̀, atẹ́gùn sì gbé ìwé lọ.

Ó yọ ọ̀pá, ó dẹ òrùka méjèèjì, ó tún fà. Lọ́tẹ̀ yìí, okùn kò tíì le lọ́wọ́ rẹ̀ tí àpótí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ó fì, ó tún fì, sípíríǹgì ń ké, ó pẹ́ kí táyà tó gbéra. Agbára tó gbé táyà nílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nígbà méjèèjì. Ká sọ tòótọ́, èyí tó le yẹn tilẹ̀ fara dà á díẹ̀ sí i. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe jìnnà síra tó àti bí ẹrù ṣe ga tó ló ń sọ ìgbà tí yóò ṣubú, kò sì fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn. Ìkìlọ̀ ló mú kúrò. Láti ọdún tí Kíá ti ń gun kẹ̀kẹ́ náà, ìbàdí rẹ̀ ló fi ń gbọ́ ìfì yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á sì rọra dẹ iná. Kẹ̀kẹ́ ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá pa á lẹ́nu mọ́, ó sì pe ìyẹn ní àtúnṣe.

Ó jókòó sórí ògbólógbòó táyà. Ẹnì kan kọjá, ó kí i kú iṣẹ́.

Ó lọ kí Kíá nílé Màámi, níbi tó ti ń tọ́jú ara, kò sì sọ ohun tó rí fún un. Ó tún lọ, wọ́n bu oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, kò sọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó rọra gun kẹ̀kẹ́ náà lọ síbẹ̀ tòun ti àpò iyanrìn àti okùn tí kò tíì kó kúrò, sípíríǹgì ti dẹ̀, ọ̀pá sì wà nísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú Kíá kò ní tó o. Ó ti mọ ohun tí yóò sọ. Yóò ní ọ̀pá ti wọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣubú, kò sì sí irú ẹ̀ mọ́.

Màámi ń ká aṣọ. Kíá jókòó ti fèrèsé, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn.

“Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ má wò mí báyìí, ọwọ́ kan tí mo fi ń jẹun ṣì kù.”

“Ó sì ń fi ọwọ́ kan náà jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀,” ni Màámi wí. “Mo sọ ọ́ títí. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ta ló gbọ́? Ẹ̀gbọ́n ẹ nìyí, ṣé o ti gbọ́ ọ rí pé ó já lu kòtò?”

Farabalẹ̀ ń dúró kí Kíá fèsì, nítorí Kíá tó mọ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣubú lulẹ̀. Ṣùgbọ́n Kíá kàn mi orí.

“Òótọ́ ni Màámi sọ,” ló wí. “Mo ti bá bàbá àwọn ọmọ sọ ọ́. Ẹ bá mi ta kẹ̀kẹ́ yẹn. Màá jókòó tì í, màá máa bá a rán bọ́tìnnì.”

“Ìwọ, kí o máa rán bọ́tìnnì?”

“Ẹ̀rù ara mi ń bà mí. Ọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé mo sáré jù. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti tó, ara mi á sọ fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dà bí ẹni pé nǹkan ti kú lára mi. Lọ́jọ́ mìíràn, mo lè lọ pa ọmọ ọlọ́mọ.”

Irọ́ tí Farabalẹ̀ gbé wá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò tilẹ̀ nílò rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti ta kẹ̀kẹ́ náà, ọ̀rọ̀ parí, kò sẹ́ni tí yóò so okùn mọ́ àpótí rẹ̀ láé. Kíá á máa rán bọ́tìnnì, wọn á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

“Jáde wá wo nǹkan,” ló wí fún un.

Nínú àgbàlá, ó mú ọ̀pá jáde, ó dè é padà, ó fún òrùka le bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kíá ń wò ó. Farabalẹ̀ fi okùn sí ọwọ́ rẹ̀ tí kò fara pa.

“Fà á bí ẹni ń yà kọ́nà. Rọra.”

“Kò fì,” ni Kíá wí.

“Fà á sí i.”

Táyà òdìkejì gbéra. Kíá ju okùn sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ bọ́ sílẹ̀ gbì. Ó tún he okùn, ó tún fà á fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ tú u.” Farabalẹ̀ yọ ọ̀pá, ó dẹ òrùka. Lọ́tẹ̀ yìí, bí ó ṣe fà á báyìí ni àpótí ń rọra fì bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń ké. Ó dúró bẹ́ẹ̀, okùn le lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àpótí.

“Nǹkan kan ò kú lára ẹ,” ni Farabalẹ̀ wí. “Bí o ṣe máa ń sáré náà lo sáré. Èmi ni mo mú ohun tó máa ń sọ fún ẹ kúrò. Àpótí òfìfo ni mo fi dán an wò.”

“Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

“Ọjọ́ tí ọkọ ẹ wá dúpẹ́.”

“Ẹ ti wá kí mi láti ọjọ́ yẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Màámi ń bá mi wí, ẹ ń jẹran.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Kíá dẹ okùn. “Ẹ wọlé lọ sọ ọ́ fún wọn. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an.”

Ó wọlé. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, nítorí kò rò pé ó tọ́ kí òun jókòó. “Màámi, Kíá ò jẹ̀bi. Èmi ni mo fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ le, tí kò fi mọ̀ pé ó fẹ́ ṣubú títí ó fi ṣubú.”

Ọwọ́ Màámi dúró lórí aṣọ. “Ìwọ?”

“Èmi ni, Màámi.”

“Ìwọ tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún un.” Ó tú aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀, ó tún un ká. “Mi ò tilẹ̀ béèrè. Bí wọ́n ṣe ní ó ṣubú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìbáwí, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn níbẹ̀.”

Ó di orúnkún mú, ó dìde, ó kọjá lára ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láìwò ó, ó jáde sí àgbàlá.

Farabalẹ̀ dúró sójú kan. Ó ń gbọ́ ohùn wọn, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ti Màámi lọ sílẹ̀ gan-an, ti Kíá kò pọ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbọ́ tí okùn tún le, tí àpótí ké, ó sì gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ ketekete.

“Farabalẹ̀, mú sípánà ẹ bọ̀. Àpótí yìí ga jù, wá sọ ọ́ kalẹ̀ fún mi.”

Láti ìgbà tí Kíá ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láìfi Bọ̀dá ṣíwájú. Ó dáhùn pé òun ń bọ̀, ó gbé sípánà, ó sì jáde.