Ẹ̀gẹ́ Tí Directeur Hú

Nígbà tí Victorin fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tí yóò máa ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bi ara rẹ̀, òun náà ló sì dáhùn. Ó kéré lọ́jọ́ orí nígbà tó wọ iṣẹ́ olùkọ́, torí náà ọdún iṣẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀, tí kò sì tíì sí eyín kan tó mì lẹ́nu rẹ̀. Kandi, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá Benin, ló ti jẹ́ directeur, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó padà sí Ifangni, sínú ilé tó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, tí kò gbé inú rẹ̀ rí ju ìgbà fàkáńsì, ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, lọ.

Kò pẹ́ tó dé tó ra ọ̀dà dúdú, ó fi kun apá kan ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú ẹfun ìkọ̀wé, ó sì kọ ètò ọjọ́ sí i. Ìgbà jíjí, ìgbà ìrìn ẹsẹ̀ tí dókítà ní kó máa rìn, ìgbà oúnjẹ, ìgbà ìwé kíkà, ìgbà ìsinmi. Ó fa ìlà kan sí àárín, ó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, Ọyakẹ́mi, sí òdì kejì, ó sì bá òun náà to ọjọ́ tirẹ̀. Ọyakẹ́mi kò mọ̀wé. Ó dúró níwájú ògiri náà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo egbò lára ẹlòmíràn.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀, Bàbá Gracia?" Gracia ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ti lọ́kọ sí Cotonou.

"Ayé wa ni. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì tí kò ṣètò ọjọ́ rẹ̀, kì í pẹ́ kú. Mo ti rí i lára àwọn ẹgbẹ́ mi. Bon, wò ó, nírọ̀lẹ́, àwa méjèèjì la ó jọ máa jókòó lábẹ́ máńgòrò. Mo ti ra àga méjì."

"Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jọ̀ gààrí."

"Wàá máa jọ̀ ọ́ láàárọ̀."

"Àárọ̀ ni mo máa ń yan án."

"Ìyá Gracia, ọ̀rọ̀ ètò ni mò ń sọ, ìwọ ń sọ ti gààrí."

Ohun tí Victorin ń fẹ́ kò pọ̀. Ní gbogbo ọdún tó fi ń dá jẹun nínú yàrá olùkọ́ ní Kandi, abẹ́ igi máńgòrò yìí ló ń rò. Á rí ara rẹ̀, á rí ìyàwó rẹ̀, á rí ìrọ̀lẹ́ tí ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ tí kò ní ìkánjú nínú. Nítorí ìyẹn ló ṣe fara da àjò. Nísinsìnyí tó ti dé, ó kù kí obìnrin náà wá jókòó.

Ṣùgbọ́n Ọyakẹ́mi kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó wà nínú àáró àwọn obìnrin tí ń ṣe gààrí, lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn ilé Ràhímátù, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn. Bí àáró bá kàn ọ́, ìwọ á hú ẹ̀gẹ́ rẹ, gbogbo wọn á wá bá ọ bó o, wọn á rin ín, wọn á fi òkúta tẹ omi rẹ̀ dànù, wọn á jọ̀ ọ́, wọn á yan án. Bó bá kan ẹlòmíràn, ìwọ náà á gbé ara rẹ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í hú ẹ̀gẹ́ kí àáró tó kàn án, nítorí ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti kúrò nílẹ̀ kì í dúró deni. Inú rẹ̀ á di dúdú kíá, á máa rùn.

Ìrìn ẹsẹ̀ ni ìjà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní kùtùkùtù, Victorin á wọ bàtà funfun, Ọyakẹ́mi á wọ sálúbàtà tẹ̀lé e, wọ́n á gba títì lọ sí ọ̀nà Tchaada, wọ́n á sì yí padà láìra nǹkan kan, láìyà sílé ẹnikẹ́ni. Àwọn oní-zémìjàn, àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò, kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

"Directeur, kí ló ń lé yín?"

"Ara wa là ń tọ́jú!"

"Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé òun náà ti fẹ̀yìn tì, tó gba retraite ni?"

Ẹ̀rín á ta. Ọyakẹ́mi kò ní gbójú sókè.

Ní òwúrọ̀ tí àáró kan Scholastique, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìrìn dé ni, Victorin sì ní kí Ọyakẹ́mi jókòó kí wọ́n jọ mu tíì. Scholastique kò rí i lábẹ́ àtíbàbà, ó bá wá a wálé. Victorin ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Madame, ilé yìí kì í gba àlejò lásìkò yìí."

"Èmi kọ́ ni àlejò, Directeur. Mo ti hú ẹ̀gẹ́ mi. Ìyàwó yín ni mo wá pè."

"Ó ní ètò tirẹ̀. Bó bá parí, á wá."

Scholastique wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ ṣeun," ló wí, ó sì padà. Ìgbà tí Ọyakẹ́mi fi máa dé àtíbàbà, òkìtì èèpo ti ga. Kò sí ẹni tó kí i. Ó fa ọ̀bẹ, ó jókòó.

Victorin kù sílé, òun nìkan, pẹ̀lú ife tíì méjì. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀gẹ́ yìí, ó sọ fún ara rẹ̀, ẹ̀gẹ́ yìí ló ń gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi. Bí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kò ní yéé sá tọ̀ ọ́ lọ. Bí a bá hú u tán lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn, àkókò á ṣẹ́ kù. Ó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í pẹ́ bàjẹ́, ọmọ Ifangni ni. Ohun tí kò mọ̀ ni àáró. Ó rò pé bí àkókò kíláàsì ni, tí olùkọ́ méjì lè ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ó pe Augustin, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe alágbàṣe oko, ó ní kó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Kí oòrùn tó tẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ti hú gbogbo oko Ọyakẹ́mi, èyí tó gbó àti èyí tí kò gbó, wọ́n sì kó o jọ sí àgbàlá.

Ọyakẹ́mi dé nírọ̀lẹ́, ara rẹ̀ funfun fún omi ẹ̀gẹ́. Ó rí òkìtì náà. Ó dúró.

"Surprise!" ni Victorin wí. Ó ti nu àga méjèèjì. "Mo ti bá ọ parí iṣẹ́ ọdún kan."

"Gbogbo rẹ̀ lẹ hú?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Èyí tó wà lápá odò náà? Ọmọdé ṣì ni."

"A kì í ṣètò ká pín in sí méjì."

Ọyakẹ́mi jókòó sílẹ̀, kò jókòó sórí àga. Ó mú ẹ̀gẹ́ kan, ó yí i lọ́wọ́, ó fi í sílẹ̀. "Ti Scholastique kò tíì tán. Lẹ́yìn rẹ̀, ti Clémentine ni, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kàn mí. Ta ló máa bá mi bó èyí?"

"Ẹ ṣáà ṣe pàṣípààrọ̀! Èmi fúnra mi á lọ bá wọn sọ ọ́."

"Ẹ má lọ, Bàbá Gracia. Mo bẹ̀ yín. Ẹ má lọ síbẹ̀."

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ ìpàdé. Àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì Scholastique ká, Ọyakẹ́mi náà wà láàárín wọn. Nígbà tó rí bàtà funfun náà tó ń bọ̀, ó rọra yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta.

"Mesdames, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Victorin wí.

"Directeur, ẹ kú àárọ̀," ni Scholastique dáhùn. "Ẹ dúró ná. Ìyá Ràhímátù, ṣé à ń gba àlejò lásìkò yìí?"

Ẹ̀rín bú. Victorin ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ṣàlàyé. Ó sọ pé ètò dára, pé bí ènìyàn bá fara balẹ̀, ohun gbogbo ló ní àyè tirẹ̀, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fi ti ìyàwó òun ṣáájú ti Clémentine. Ràhímátù jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ọmọ mi," ni ìyá àgbà náà wí, "a kì í fi ẹnu ọkọ ṣe àáró. Ara la fi ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun yá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, á mú ara mìíràn kún tirẹ̀, àbúrò ni o, ọmọ ni o. Ọyakẹ́mi kò ní ara méjì."

"Ó lọ́kọ," ni Scholastique wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Àbí? Ó jókòó sílé, kò ṣe nǹkan kan. Agbára sì wà lára rẹ̀, ṣé ẹ kì í rí bó ṣe ń rìn láàárọ̀ ni? Kó jókòó kó bó ẹ̀gẹ́. Kó bá mi bó tèmi tán, kó bá Clémentine bó tirẹ̀. Èyí tí kò bá tíì rà nínú tìyàwó rẹ̀, a ó ṣe é."

Victorin wo Ọyakẹ́mi. Bó bá sọ pé kí ó máa lọ sílé, á lọ. Bó bá sọ pé kí ó jókòó, á jókòó. Ọyakẹ́mi tẹjú mọ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó.

Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jókòó sórí òkúta kan. Wọ́n fún un ní ọ̀bẹ tó kú jù. Bó ṣe ń bó èèpo ni ara ẹ̀gẹ́ ń bá a lọ, ohun tó bọ́ sínú agbọ̀n rẹ̀ sì tínrín bí ìka.

"Ẹ wá wo Directeur o! Bí ẹni ń gbẹ́ crayon!"

"Ẹ rọra bá a wí, ìwé àkọ́kọ́ ló wà."

Ọ̀bẹ yẹ̀, ó gé e ní àtàǹpàkò. Ó fi ẹnu fà á mu. "Ẹ jẹ́ kó lọ récréation, kó lọ ṣeré," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn, àtíbàbà sì kún fún ẹ̀rín débi pé ẹni tó ń fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́ dá a dúró kó lè gbọ́. Láàárín ẹ̀rín náà, Victorin gbọ́ ọ̀kan tó mọ̀. Láti ìgbà tó ti dé láti Kandi, kò tíì gbọ́ kí ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi àkísà di ọwọ́.

"O bá wọn fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ó pa mí lẹ́rìn-ín ni."

"Nítorí tìẹ ni mo ṣe hú u, Ọya. Kí àwa méjèèjì lè..."

"Àwa méjèèjì wo?" Ọyakẹ́mi kò gbé ohùn sókè. Ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Nígbà tí Gracia ní ibà tó fẹ́ gbé e lọ, èmi nìkan ni. Nígbà tí ìyá mi kú, ẹ dé lẹ́yìn ìsìnkú. Mo máa ń fi ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún yín nígbà kan, ẹ gbọ́? Mo máa ń jókòó lábẹ́ máńgòrò yẹn, mo máa ń ṣe bí ẹni pé ẹ wà níbí. Ó pẹ́ kí n tó ṣíwọ́. Nígbà tí mo ṣíwọ́, mo kó ìrọ̀lẹ́ náà fún gààrí. Kò sí mọ́. Ọkọ fàkáńsì ni mo mọ̀ yín sí, Bàbá Gracia. Mo lè fara da fàkáńsì."

"Mo ti padà dé báyìí."

"Mo rí i," ni Ọyakẹ́mi wí. Ó da omi ẹsẹ̀ náà nù, ó wọlé.

Victorin kò rìn mọ́ láàárọ̀. Ó ń lọ sí àtíbàbà. Ó bó ti Scholastique tán, ó bó ti Clémentine. Ní ìgbà tó kan òkìtì àgbàlá, òórùn rẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Òun ni wọ́n ní kó máa là á wò. Á là á, bí inú rẹ̀ bá funfun, á jù ú sí agbọ̀n; bó bá ní ìlà dúdú, á jù ú sí ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn ń ga, ti agbọ̀n kò kún. Kò sí ẹni tó bú u lọ́jọ́ náà. Ọyakẹ́mi jókòó sídìí agbada, èéfín iná ń ta á lójú, ó ń yí ìwọ̀nba gààrí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, Ràhímátù nu ọwọ́ rẹ̀. "Ó tán. Ọkùnrin yìí ti san án. Ọyakẹ́mi, ìwọ lo ni í. Ṣé kó máa lọ sílé, àbí kó máa bá wa ṣe é lọ?"

Victorin fi ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń wo ẹnu ìyàwó rẹ̀. Kó ṣáà ti sọ pé kó dúró. Kó tilẹ̀ sọ pé kó máa lọ sílé, pé òun ń bọ̀ wá bá a.

Ọyakẹ́mi fi igbá kó gààrí kúrò lórí iná kó má baà jó. "Ẹ bi Scholastique bóyá ó nílò rẹ̀," ló wí. "Èmi kò nílò."

"Gbé e wá fún mi," ni Scholastique wí, kò rẹ́rìn-ín. "Á máa pọn omi."

Garawa kan wà nílẹ̀. Victorin wò ó, ó wo ojú ọ̀nà tó lọ sílé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Ó dìde, ó gbé garawa náà.

"Níbo ni ẹ ti ń pọn ọ́n?" ló bi wọ́n.

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ọkùnrin tó kọ́lé sí ìlú yìí, tó ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, tó ń wẹ̀, tó ń mu, kò mọ ibi tí omi ti ń wá. Ọyakẹ́mi ló dá a lóhùn, kò wojú rẹ̀.

"Ẹ gba ọ̀nà Ko-Koumolou. Ibi tí ẹ bá ti rí àwọn obìnrin tó tò, ẹ tò sí ẹ̀yìn wọn."

Ó lọ.