Afẹ́fẹ́ Tí Jẹ̀mílátù Kọ Sínú Ìwé

Jẹ̀mílátù ti lé ní ogójì ọdún kó tó mọ̀wé kọ. Ìwé náà ló jẹ́ kí wọ́n gbà á sí ibùdó ojú ọjọ́ létí odò ní Lọ́kọ́jà, kó máa ka eré afẹ́fẹ́ lára ẹ̀rọ onífe mẹ́ta tó ń yí lórí òpó, kó sì máa fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó.

Ní oṣù Kejì ọdún 1989, agbọ́n fi amọ̀ kọ́lé sí ọrùn ẹ̀rọ náà, ló bá dúró gbagidi. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ irú rẹ̀ fún Èkó. Nọ́ńbà rọ Jẹ̀mílátù lọ́rùn. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni kò lè kọ, ojú sì ń tì í láti bẹ ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀, á wo bí omi ṣe ń ru, á fojú díwọ̀n afẹ́fẹ́, á wá kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ ló sọ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Pius dé láti Èkó. Òun ni ọ̀gá tó ń sọ tẹ́lẹ̀ bí afẹ́fẹ́ òkun yóò ṣe le tó. Ó tẹ́ bébà gbọ̀ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

"Màmá, ẹ wò ó. Sátẹ́láìtì ń wo ojú òkun láti òkè. Bó bá ṣe rí ìgbì la fi ń mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ lórí òkun lónìí, ọ̀túnla ló ń dé ọ̀dọ̀ yín. Nínú gbogbo ibùdó, ìwé tiyín ló bá a mu jù. Òun la ó máa fi yẹ̀ ẹ́ wò ká tó ní kí àwọn apẹja wọ òkun."

"Àwọn apẹja?"

"Àwọn ni o. Ẹ̀yin lẹ ó máa mú wọn bọ̀ wálé. Ẹ má gbàgbé láti gba ẹja tiyín."

Jẹ̀mílátù wolẹ̀, ilẹ̀ kò lanu gbé e mì. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ̀sín tòun yìí fẹ́ fà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun òpó yẹn."

Nígbà tí Pius sọ̀ kalẹ̀, ilé agbọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣe àwàdà mọ́.

"Níbo lẹ ti ń rí nọ́ńbà kọ?"

"Omi ni mò ń wò, sà."

Pius gbé ilé agbọ́n náà sílẹ̀. "Omi náà ni sátẹ́láìtì ń wò. Àmọ́ kò sọ fún wa pé òun ka ẹ̀rọ."

Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà sórí ojú ìwé kan, ó ṣí òmíràn, ó tún fà á, títí ojú ìwé fi tán.

"Ṣé wọ́n á lé mi?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Ẹ kọ lẹ́tà yẹn. Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́, èmi á túmọ̀ rẹ̀."

Jẹ̀mílátù gbé bébà lé orúnkún. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀rọ dúró. Ó tún wo àwọn ìlà pupa náà. Ó wá kọ ọ́ pé: Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ni ẹ̀rọ dúró. Láti ọjọ́ náà, irọ́ ni mò ń kọ.