Akàn Kò Lè Dúró De Omi

Ara Àdúràolúwa kò balẹ̀. Lónìí ni Ọlámipọ̀ máa fún àwọn ará Calabar lésì, bóyá yóò wá bá wọn tọ́jú igbó etí omi wọn tàbí kò ní wá. Àdúrà kò sì tíì sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀.

Inú Ẹgbẹ́ Omi-ń-Sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti pàdé, àwọn ọ̀dọ́ Festac tó ń fi eré kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nípa ohun tó ń gbé inú ọ̀sà. Àdúrà ló ń rán aṣọ ẹranko, òun náà ló ń wọ̀ ọ́ ṣeré. Ọlámipọ̀ ni onísáyẹ́ǹsì wọn, ọmọ onílẹ̀ Àmùwò, ọkùnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún Àdúrà lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n dé etí odò lẹ́yìn Festac, àwọn ọmọ ilé ìwé kan láti Agboju ti jókòó sórí ẹní. Àdúrà ti kó sínú aṣọ akàn pupa. Orí ẹrẹ̀ ló yẹ kí eré ti wáyé, níbi tí akàn gidi ti máa ń jáde bí omi bá ti fà. Ẹrẹ̀ dà? Omi ṣì kún dé ìdí igi.

"Ọlámipọ̀!" Àǹtí Fareedah, olórí ẹgbẹ́, figbe ta. "Ṣé o ò sọ pé omi á ti fà ni?"

Ọlámipọ̀ wo fóònù rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Yéè! Àǹtí, ẹ má bínú. Àkókò ti ojú òkun ni mo wò. Omi máa ń pẹ́ nínú odò tiwa kó tó padà."

"Ìwọ? Ìwọ tó o máa ń wàásù omi fún wa bíi pásítọ̀? Níbo lọkàn ẹ wà?"

Ọlámipọ̀ wo Àdúrà nínú aṣọ akàn fìrí, ó sì gbójú sílẹ̀.

"Ṣé akàn yìí ò mọ nǹkan kan ṣe ni?" ọmọbìnrin kan pariwo.

"Akàn àjẹbọ́tà ni!" ẹlòmíì dáhùn.

Ni Àdúrà bá bọ́ síwájú, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Ó jó, ó fi ọwọ́ akàn ṣí fìlà lórí tíṣà wọn. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Omi ò fà. Ó tún jó, òógùn bò ó, omi ò mira. Ìgbà tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe mọ́, ẹnu rẹ̀ sáré ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀yin ọmọ, bọ̀dá yìí fẹ́ lọ sí Calabar o! Ẹ bá mi bi wọ́n, ta ni wọ́n fẹ́ fi akàn sílẹ̀ fún?"

"Bọ̀dá, ta lẹ fẹ́ fi akàn sílẹ̀ fún?"

"Akàn pọ̀ ní Calabar," ni Ọlámipọ̀ wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé irú èmi ni?"

Ọlámipọ̀ sún mọ́ ọn. "Àdúrà, bọ́ orí yẹn. Mi ò lè bá akàn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí."

Àdúrà fà á, kò bọ́. Okùn ti ta kókó lọ́rùn. Ọlámipọ̀ ló bá a tú u. Nígbà tí orí akàn kúrò, irun Àdúrà ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí, pọ́dà ti ṣàn dé àgbọ̀n. Ó ṣe é bíi kó bẹ́ sódò.

"Mo ti ń retí pé wàá ní kí n má lọ," Ọlámipọ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Aṣọ lo kàn ń rán. Mo rò pé kò kàn ẹ́ ni."

"Má lọ." Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ikọ́. "Mo fẹ́ràn ẹ. Jọ̀ọ́, má lọ."

"Mi ò lọ mọ́."

"Akàn ti rí ọkọ!" Àwọn ọmọ hó yèè.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa pa mí," ni Àǹtí Fareedah wí. "Ta ló wá fẹ́ kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì báyìí?"

Ọlámipọ̀ ti ń pe Calabar. Bí fóònù ṣe ń dún, Àdúrà di etí ṣẹ́ẹ̀tì Ọlámipọ̀ mú, ẹ̀rù ń bà á pé ó lè yí ọ̀rọ̀ padà kí wọ́n tó gbé e. Wọ́n gbé e. Ó gbọ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ wọ́n pé òun ò ní lè wá mọ́. Ìgbà yẹn ló tó mí.