Ojú Ẹ̀rọ Tó Mú Jù

Àwòrán tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà náà dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tí wọ́n fẹ́ kọ́, kò wọlé, kò padà. Obìnrin ayàwòrán-ilé náà tún tẹ bọ́tìnnì. Fáànù inú kọ̀ǹpútà kékeré náà ń han bí ẹ̀fọn; ìdí ẹ̀rọ gbóná débi pé ó ń jó o níka. Àwọn ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn tó rọ̀gbà yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

"Ṣé kò sí wàhálà?" alága béèrè.

"Ó ń bọ̀, sà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí àwọn méjèèjì jọ ni ọ́fíìsì, tẹ̀ sí i létí. "Fi àwòrán tó dúró sójú kan hàn wọ́n, jàre. Wọ́n kúkú rẹwà."

Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló yan ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ rà á, èyí tó ní káàdì àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó máa ń bá ọpọlọ ẹ̀rọ yàwòrán, lòun nawọ́ sí, àmọ́ ó nípọn. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé búlọ́ọ̀kù lo fẹ́ máa gbé kiri ni? Wo èyí, ó fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ sì mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn." Òótọ́ ni. Ojú ẹ̀rọ náà mú débi pé èèyàn lè rí fọ́nrán òwú lára aṣọ fèrèsé. Ṣùgbọ́n gbogbo àmì tíntìntín tó jẹ́ kó mú bẹ́ẹ̀, dandan ni kí nǹkan máa kùn wọ́n ní àkùntúnkùn bí àwòrán bá ti ń rìn, nínú ẹ̀rọ yìí kò sì sí olùrànlọ́wọ́: ọpọlọ tó ń ṣírò náà ló tún ń yàwòrán. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

"Àwọn mìíràn ń dúró níta o," ni alága wí.

Obìnrin náà wọ ibi ètò ẹ̀rọ, ó dín mímú ojú rẹ̀ kù, ó pa òjìji, ó pa dídán ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bojú.

Àwòrán náà wá ṣe bàìbàì, bí ohun tí a ń wò láti inú dígí tí ooru bò. Ṣùgbọ́n ó rìn. Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n sì gba àárín àwọn bẹ́ẹ̀dì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà náà ni olórí nọ́ọ̀sì, ìyá àgbàlagbà kan tí kò tíì lanu láti àárọ̀, fa àga rẹ̀ súnmọ́ tòsí.

"Ọmọ mi, níbo ni nọ́ọ̀sì máa jókòó?"

"Ibí yìí ni, mà."

"Jẹ́ ká jókòó síbẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n. Wá rọra yí ojú ká."

Ó yí i. Bẹ́ẹ̀dì kan, òmíràn, òmíràn. Òpó kan gba iwájú wọn kọjá gbàgàdà, ògiri sì tẹ̀lé e.

"Padà. Ṣebí ó yẹ kí bẹ́ẹ̀dì kan wà nígun yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ń rí i?"

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Obìnrin náà lè di ẹ̀bi náà ru ẹ̀rọ, kó ní bàìbàì ojú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì hàn. Ta ló máa bá a jiyàn?

"Rárá, mà," ó wí. "Òpó yẹn bò ó."

Ìyá náà ò bínú. Ó kàn tẹjú mọ́ igun náà. "Tí èémí bá ń tán lára ọmọdé, kì í ké," ó wí wẹ́lẹ́. "Ojú la fi ń mọ̀."

Alága ní kí wọ́n lọ tún un yà, kí wọ́n sì padà wá. Kò ní àwọn gbà, kò ní àwọn ò gbà. Ẹ̀gbọ́n jáde láìwẹ̀yìn.

Obìnrin náà kò tíì lè dìde. Láti ìgbà tó ti ń ya wọ́ọ̀dù yìí, ẹnu ọ̀nà inú àwòrán ló máa ń dúró sí wò ó, níbi tí àlejò máa ń dúró sí. Àga nọ́ọ̀sì yẹn, òun ló gbé e síbẹ̀. Kò jókòó sí i rí, àfi lónìí.