Ìyá Àgbà Gba Iṣẹ́

Télọ̀ ni ìyàwó ilé náà, kì í sì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n. Nígbà tí rédíò kéde pé odò tó wà lẹ́yìn àdúgbò wọn lè kún àkúnya, kò dúró kí wọ́n tún un sọ. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀.

"Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́," ó ní. "Kálukú máa ní iṣẹ́ tirẹ̀."

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ jórinjórin, ni yóò pa iná níbi mítà, tí yóò sì ti gáàsì. Ọmọbìnrin wọn ni yóò gbé báàgì tí wọ́n ti dì sẹ́yìn ilẹ̀kùn: tọ́ọ̀ṣì, oògùn, omi mímu àti ìwé pàtàkì nínú ọ̀rá. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò ti ilé. Orí òkè, níwájú ilé oníbúrẹ́dì, ni wọ́n ti máa pàdé.

Ìyá Àgbà, ìyá jórinjórin, ń retí kó kan òun. Kò kàn án.

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá?" ni télọ̀ wí. "Ẹ ṣáà jókòó. A máa gbé yín."

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gbá ilẹ̀. Òun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún darí ọkọ̀ ní oríta, tí awakọ̀ tirela ń wárìrì fún, ni wọ́n fẹ́ gbé bí àpò ìrẹsì!

"Ṣé orúnkún ló ń dùn mí ni àbí orí? Ẹ fún mi níṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí omi wá bá mi níbí, ká jọ máa ṣeré."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ wo lẹ wá fẹ́?"

Ìyá Àgbà wọ yàrá lọ, ó gbé fèrè iṣẹ́ rẹ̀ kọ́rùn jáde, ó sì fọn ọ́n. Olóńgbò fò sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

"Ó parí," ni télọ̀ wí, tó di etí mú. "Ẹ̀yin lọ̀gá wa. Tí ẹ bá ti fọn ọ́n, kálukú á dìde sí iṣẹ́ rẹ̀."

Ìdánrawò àkọ́kọ́ dójú tì wọ́n. Bí fèrè ti dún, tẹlifíṣọ̀n ni jórinjórin sáré gbé. Ọmọbìnrin gbàgbé báàgì, ó gbá olóńgbò mọ́ra. Télọ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ!" Ìyá Àgbà na ọ̀pá sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé inú omi lo ti fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, títí ó fi mọ́ wọn lára. Àwọn aládùúgbò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo eré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Jórinjórin wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Àgbà tó jókòó létí fèrèsé rí i pé omi gọ́tà ò sàn lọ mọ́, ẹ̀yìn ló ń padà sí. Kò pariwo. Ó fọn fèrè.

Télọ̀ ju aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó pa iná, ó ti gáàsì. Ọmọbìnrin gbé báàgì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, tí télọ̀ sì ti ilé, Ìyá Àgbà ò bá wọn lọ. Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ fèrè náà ti ń tú jáde. Ó dúró sí oríta, òjò ń lù ú, ọwọ́ kan lórí ọ̀pá, èkejì lókè.

"Ẹ gba apá ọ̀tún! Ẹ má sún mọ́ gọ́tà! Ìwọ oníkẹ̀kẹ́, fa ọmọ yẹn lọ́wọ́!"

Ọkọ̀ dúró. Èèyàn gba ibi tó ní kí wọ́n gbà. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn gòkè ló tó di télọ̀ tó dúró dè é lọ́wọ́ mú, tó sì ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀.

Jórinjórin sáré dé orí òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó bá ìyá rẹ̀ nínú aṣọ ìnura, tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná láàárín èrò. Ó dì mọ́ ọn pinpin.

"Rọra," ni Ìyá Àgbà wí. "O ń tẹ búrẹ́dì mi."

Omi wọlé wọn lóòótọ́. Nígbà tó fà, gbogbo àdúgbò kó ṣọ́bìrì jáde, wọ́n ń kó ẹrẹ̀, wọ́n ń kọrin. Máàtírẹ́ẹ̀sì bàjẹ́, àga bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fara pa.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni oníbúrẹ́dì wí, ó sì gbé abọ́ ẹrẹ̀ mìíràn.

Télọ̀ sá aṣọ oníbàárà sórí okùn nínú oòrùn, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọ̀run, òun náà sì gberin.