Wẹ́ẹ̀jì Máfòyà

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n lórí kíláàṣì ọkọ̀ akẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà kò tíì kúrò lójú kan. Ó fi ọwọ́ tẹ orúnkún náà mọ́lẹ̀. Kàkà kó dúró, èkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń fọ ọkọ̀ akẹ́rù nílé iṣẹ́ yìí. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, á bẹ àwọn awakọ̀ kí wọ́n kọ́ òun ní wíwà rẹ̀. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mejì lọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí òkè. Ọ̀gá ti wá sọ pé tòní lòpin. Tó bá yege, wọ́n á gbé ọkọ̀ fún un. Bí kò bá yege, kó gbájú mọ́ kànìnkànìn rẹ̀.

Láàárọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn.

"Ìyàwó mi, ọ̀kan lọ, kò bọ̀. Ṣé ìwọ náà fẹ́ lọ ni?"

"Mo ń bọ̀, Màámi."

"Ohun tí òun náà sọ nìyẹn."

Máfòyà ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀ ní gáréèjì. Kò sí òkè tí kò lè gùn. Awakọ̀ tó bá sì rí tó ń ki wẹ́ẹ̀jì, igi tí wọ́n ń há sẹ́yìn táyà kí ọkọ̀ má bàa yí, á fi onítọ̀hún rẹ́rìn-ín. Ojo ló ń lo igi, á ní. Lọ́jọ́ kan ó dá ọkọ̀ dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò fòyà, ó yí bọ̀ wá bá a. Wẹ́ẹ̀jì tí wọ́n kó fún ìyàwó rẹ̀ mọ́ ẹrù olóògbé ṣì funfun báláú, bí ẹni pé àná ni káfíńtà gé e. Òun ló wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀ báyìí.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ti obìnrin yìí kọjá ekòló, orí ejò gan-an ló jókòó lé.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ṣe tirẹ̀ ṣáájú ti gun òkè náà bí ẹní ń jó, ó bẹ́ sílẹ̀, ó ń juwọ́ sáwọn èèyàn. Aláyẹ̀wò tó ń ṣe ìdánwò fún wọn kàn mirí ni.

"Ó yá, màdáámú," ni aláyẹ̀wò wí, ó sì jókòó tì í.

Wọ́n gùn ún dé àárín.

"Ẹ dúró." Ó dúró. "Ẹ máa lọ."

Ó tú bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ sì sọ̀ sẹ́yìn. Kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó wo díńgí, ó rí ibi tí èèyàn lè dúró sí lẹ́yìn ọkọ̀. Ó fún ẹ́ńjìnnì lágbára, ó rọra tú kíláàṣì sílẹ̀. Ọkọ̀ hó, ó gbọ̀n, ó gbéra.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé orí òkè, aláyẹ̀wò ní kó pa á, kó sọ̀ kalẹ̀.

Ó ti bọ́ nìyẹn, òun ti kùnà lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkọ̀ tó sọ̀ sẹ́yìn ti sọ̀ ná. Omi ti gba ojú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù kò jẹ́ kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fa wẹ́ẹ̀jì yọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó há a sẹ́yìn táyà, ó fi gìgísẹ̀ gbá a wọlé. Ó dìde, ó na kọ́kọ́rọ́ sí aláyẹ̀wò. Ọkùnrin náà kò gbà á.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sí i?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, sà. Ẹ má bínú."

"Gbogbo àwọn tó gùn ún láàárọ̀ yìí ló bẹ́ sílẹ̀ lásán. Mi ò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wọn yege. Tiyín sọ̀ díẹ̀, ẹ sì mú un. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín dání."

Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ tipẹ́ pé lọ́jọ́ tóun bá yege, ẹ̀rù á tán. Ó dúró, ó ń retí kó tán. Kọ́kọ́rọ́ ń dún wọnran-wọnran lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó fa wẹ́ẹ̀jì jáde. Táyà ti tẹ ojú rẹ̀ kan wọnú, dúdú ti gba gbogbo ibi tó funfun. Ó gbé e padà sábẹ́ ìjókòó, kò nù ún. Ó fẹ́ kí Màámi rí i bẹ́ẹ̀.