Ohun Tó Wà ní Ṣóńṣó Apá Òde

…ni mo bá ránṣẹ́ sí i pé maṣíìnì mi ti tún dákẹ́.

Ó wá. Ó tú u. Ó ní síkúrù kan ló sọnù, gẹ́gẹ́ bíi ti oṣù tó kọjá. Ó fi òmíràn sí i. Mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ ba lórí maṣíìnì, mo sì ń rò ó pé nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tí mo fi dàgbà, ibí yìí gan-an ni ọkùnrin ti máa ń gbójú sókè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó gbójú sókè.

Ó ní, "Abẹ́rẹ́ yìí náà ti tẹ̀."


5.

Jẹ́ẹ́jẹ́ là ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe. Ọ̀rọ̀ kì í yára jáde lẹ́nu rẹ̀: tí o bá kí i láàárọ̀, gbé àga jókòó, ó lè dáhùn kó tó di ọ̀sán. Aránṣọ ni èmi.

Ní ọjọ́ Ajé yóò lọ sí ìlú mìíràn. Iléeṣẹ́ ńlá kan ti gbà á síṣẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni ìdíje.

Kò tíì sọ nǹkan kan fún mi.


6.

ÌKÉDE
*(lára ilẹ̀kùn yàrá ẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń fi okùn wáyà darí ọkọ̀ òfurufú kékeré lórí pápá)*

Ìdíje Sátidé: ẸRÙ ṢÓŃṢÓ APÁ TÓ PANI LẸ́RÌN-ÍN JÙ LỌ.

Ẹni tó ń di ọkọ̀ mú kó tó gbéra ni yóò yan ẹrù, tí yóò sì tì í mọ́ inú apá ọkọ̀. Ẹni tó ń darí rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí i. Tó bá balẹ̀, a ó ṣí i lójú gbogbo ayé.

Ẹrù tí kò bá jẹ́ kí okùn le, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ẹ má fi ohun ẹlẹ́mìí sí i. Ẹni tó fi ìgbín sí i lọ́jọ́sí mọ ara rẹ̀.

— ALÁGA


6, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Alága ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo máa ń di ọkọ̀ Jẹ́ẹ́jẹ́ mú.


7.

Mo bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n fún mi ní ìmọ̀ràn. Èsì wọn rèé lórí fóònù mi:

ẸLẸ́NU *(òun náà ń darí ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi):* Eyín àtọwọ́dá ìyá ìyàwó mi. Bí ọkọ̀ bá já, á ṣì gé ilẹ̀ jẹ.

ALÁGA: Kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì mi àtijọ́. Bọ́ọ̀sì yẹn kò sáré rí láyé ẹ̀. Jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ fò.

ÌYÁ MI: Búrẹ́dì tí àbúrò ẹ yan lánàá. Òjé ò wúwo tó o.

ẸLẸ́NU: Tàbí kẹ̀, fi ẹnu Jẹ́ẹ́jẹ́ sí i. Kò kúkú lò ó.

Mo rẹ́rìn-ín.


8.

Ohun tí mo ṣe.

Àwa aránṣọ a máa rán òjé wẹ́wẹ́ mọ́ ìṣẹ́tí kọ́tìnì kí atẹ́gùn má baà máa gbé e. Mo mú ọ̀kan. Mo gé àrán pupa bí àwòrán ọkàn, mo rán an pọ̀ mọ́ òjé náà. Mo wá fi òwú funfun kọ ọ́ sí i lára:

MÁ LỌ

Kò pani lẹ́rìn-ín. Mo mọ̀.


9.

Àpótí kékeré wà ní ṣóńṣó apá méjèèjì. Apá inú ni ti ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà ti jáde lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀. Apá òde kọ̀yìn sí i.

Mo bi ara mi léèrè: ṣé ibi tó jìnnà sí i jù ni ó yẹ kí ìfẹ́ mi wà?

Mo fi sí apá inú. Mo lẹ̀ ẹ́ pa. Mi ò tilẹ̀ ṣí apá òde wò.


10.

*(Ohun tí ẹ̀rọ ìgbohùn Alága gbọ́ ní Sátidé)*

ALÁGA: Okùn ń dẹ̀.

ẸLẸ́NU: Ọkọ̀ fẹ́ wá kí ọ̀gá ẹ̀ nílé.

ALÁGA: Fà sẹ́yìn. Máa fà sẹ́yìn.

JẸ́Ẹ́JẸ́: Mò ń… fà á.

ẸLẸ́NU: Ẹ wá wo ọkọ̀ tó ń lé awakọ̀.

*(Ariwo. Fìlà Jẹ́ẹ́jẹ́ já bọ́. Ọkọ̀ jókòó lé fìlà náà, nǹkan kan kò ṣe ọkọ̀.)*

ALÁGA: Ìwọ, wá. Apá wo lo fi ẹrù sí?

ÈMI: Èyí tó sún mọ́ ọn, sà.

ALÁGA: Kí ló dé?

ÈMI: Ó wù mí bẹ́ẹ̀, sà.

ALÁGA: Ọmọ àbúrò mi, gbọ́. Wáyà ti ń wọ apá inú nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Apá òde ló yẹ kó wúwo. Ohun tó ń fà lọ ló ń mú kí okùn le. Tí gbogbo ẹ̀ bá rọ́ wá sọ́dọ̀ ẹ, kí lo fẹ́ fi dì í mú?

*(Mo gbé ọkọ̀ kúrò lórí fìlà.)*

ALÁGA: Lọ tún un ṣe. Màá jẹ́ kó fò lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó ṣí i.


11.

Lẹ́yìn yàrá ẹgbẹ́, lórí àga onígi. Mo yọ ọkàn mi kúrò ní apá inú. Mo ṣí apá òde.

Nǹkan ti wà níbẹ̀.

Wọ́n fi àkísà aró wé e. Mo mọ àkísà náà: ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ṣà á. Síkúrù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀dà pupa wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà èékánná mi, tí mo fi kun gbogbo síkúrù maṣíìnì mi kí wọ́n má baà dà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.


12.

Síkúrù kì í dédé sọnù.


12, síbẹ̀.

Jẹ́ẹ́jẹ́ mọ̀ pé apá òde ni ẹni tó ń di ọkọ̀ mú máa ń ṣí. Gbogbo wọn ló mọ̀.

Àfi èmi tí mò ń ka ìwé ìfẹ́.


13.

Àpótí náà kò lè gba ẹrù méjì.

Mo mú sísọ́ọ̀sì kékeré. Mo tú ẹ̀gbẹ́ ọkàn, mo yọ òjé, mo kó síkúrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n wọ́n: ìwúwo kan náà ni.

Mo wá wo ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Mo ronú nípa okùn.

Mo tú òwú funfun náà, ojú abẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kò fi kù ju àmì ihò lọ.

Mo rán an pa, mo tì í mọ́ apá òde.


14.

ẸLẸ́NU: Kí lo fi sí i?

ÈMI: Eyín ìyá ìyàwó ẹ.


15.

Ọkọ̀ gbéra lọ́wọ́ mi. Mo sá jáde síta ìlà ìyípo ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, ẹ gbọ́: àárín ni Jẹ́ẹ́jẹ́ dúró sí, ó sì gbọ́dọ̀ máa yí bí ọkọ̀ ṣe ń yí, ojú rẹ̀ lára ọkọ̀. Òun àti ẹni tó bá dúró síta, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ojú wọn máa ń ṣe mẹ́rin nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ariwo ẹ́ńjìnì kì í jẹ́ ká gbọ́ nǹkan. Ètè nìkan ni mo lè kà.


ìyípo:          *Ṣé o…*


ìyípo:                    *…rí i?*


*(Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.)*


ìyípo:          *Màá…*


ìyípo:                              *…bá ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ…*


ìyípo:                    *(ẹ̀rín. ẹ̀rín nìkan.)*


ìyípo:                                        *…sọ̀rọ̀…*


Alága kò mọ nǹkan kan. Ó ń wo wáyà.


ìyípo:          *…kí n tó…*


16.

Ẹ́ńjìnì wúkọ́. Epo ti ń tán.

Ẹ̀yìn ni Jẹ́ẹ́jẹ́ kọ sí mi báyìí, ó sì ń yí bọ̀.

Okùn le.